Ta Ló Ń Yẹ Kóńgò Wọn Wò?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, ìyá tiwọn náà ló sì kọ́ wọn. Láyé tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ ra àdìrẹ ni yóò wá bá wọn nídìí ìkòkò aró. Láyé tèmi, orí WhatsApp àti Instagram ni ìdajì ọjà mi wà. Bí mo bá ti sá aṣọ sóòrùn láàárọ̀, ọmọ mi á yà á ní fọ́tò, á gbé e sórí státọ́ọ̀sì. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n á ti béèrè rẹ̀ láti Èkó, láti Ìbàdàn, nígbà mìíràn láti London.

Lọ́dún 2025, mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba bu owó ìtanràn ńlá lé Facebook, àti pé àwọn Facebook náà ní àwọn lè kẹ́rù kúrò ní Nàìjíríà. Àyà mi já. Mo rántí ìgbà tí wọ́n ti Twitter pa, tí àbúrò mi tó ń ta bàtà níbẹ̀ jókòó lásán fún oṣù púpọ̀. Mo wá ń bi ara mi pé, kí ni Facebook fi ṣe mí tí ìjọba fi ń bá wọn fà á? Ọ̀fẹ́ ni mo ń lò ó. N kò san kọ́bọ̀ fún wọn rí.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Òrùka kékeré kan ti yọ jáde nínú WhatsApp mi. Ọmọ mi ní AI ni, pé kò sí ohun tí èèyàn ò lè bi í. Ó ní kó ya àdìrẹ Ìbàdàndùn fún òun. Ó yà á lóòótọ́. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó inú rẹ̀ kò gún, àmì inú àwọn ojú mìíràn sì dàrú mọ́ra wọn, àmọ́ ẹni tí kò mọ àdìrẹ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ wa? Ṣé fọ́tò tí à ń gbé síta ló ń wò?

Ẹ jọ̀ọ́, òfin tí ìjọba ń ṣe lórí àwọn iléeṣẹ́ yìí, ṣé ó ń ràn wá lọ́wọ́ ni, àbí ó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa? Owó ìtanràn yẹn ńkọ́, àpò ta ló ń lọ?

Èmi ni tiyín,
Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, àrẹ̀dú o! A kí yín, a kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín nídìí aró.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ìbéèrè yín yìí nínú tí wọn kò rí ẹni bi í. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn lélẹ̀ ná, kí àlàyé tẹ̀lé e: òfin náà kò wá gba oúnjẹ lẹ́nu yín. Ẹni tó ń tajà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí òfin wà lórí onílẹ̀.

Ẹ ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀ ń lò ó. Ibẹ̀ gan-an ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Meta ló ni Facebook, Instagram àti WhatsApp. Kì í ta aṣọ, kì í ta gàrí, síbẹ̀ owó tó wọlé fún un lọ́dún 2024 nìkan lé ní bílíọ̀nù 160 dọ́là. Owó ìpolówó ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ń polówó ọjà ń sanwó fún Meta nítorí pé ó mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n fi ọjà hàn: ó mọ ẹni tó ń wo aṣọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń wá ilé gbé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ̀ lóṣù yìí. Ohun tó mọ̀ nípa wa yẹn náà ni òyìnbó ń pè ní data. Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù ni mò ń sọ o. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, àkọsílẹ̀ nípa wa ni n ó máa pè é. Ẹ kò san kọ́bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sanwó. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀ ń san án.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí èmi àti ìyá mi bá lọ ra gàrí, wọn kì í dá iye kalẹ̀ kí wọ́n tó gba kóńgò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á fi ìka kan ìdí rẹ̀ ko-ko-ko, wọ́n á tún yí i padà, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú rẹ̀. Ojú máa ń tì mí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú, tí wọ́n á fi òòlù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ga sókè nínú. Lójú, kóńgò kan náà ni. Tí wọ́n bá bu gàrí sí i, á kún dẹ́dẹ́, ẹni tó rà á kò sì ní mọ̀ àfi tó bá délé tó tún un wọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àjọ ìjọba ń ṣe lórí àwọn iléeṣẹ́ ńlá wọ̀nyí, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi lọ́jọ́ náà ni. Èmi pẹ̀lú yín kò lè fọwọ́ ra inú kóńgò WhatsApp. Òkè òkun ló wà, inú ẹ̀rọ ló wà, ìwé àdéhùn rẹ̀ sì gùn débi pé èmi tí mo ń kàwé jẹun kò tíì kà á tán rí. Ẹnìkan ní láti ní àṣẹ láti sọ pé, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ ná, kí a kan ìdí rẹ̀ wò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹjọ́ tí ẹ gbọ́ lórí rédíò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, WhatsApp fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń lò ó pé ìlànà òun ti yí padà. Ẹ ó rántí, nítorí ó ń yọ lójú fóònù léraléra pé kí èèyàn tẹ ibi tó ti gbà. Ìlànà náà sọ bí WhatsApp yóò ṣe máa pín àkọsílẹ̀ nípa wa pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ Facebook yòókù. Àwọn tó wà ní Yúróòpù ní ìlànà tiwọn lọ́tọ̀, torí pé òfin wọn lágbára. Tiwa jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ tàbí kó o máa lọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Àwọn tó ń mójú tó ààbò àkọsílẹ̀ ará ìlú náà bá wọn lọ́wọ́ sí i. Oṣù 38 ni wọ́n fi wádìí. Ọ̀gá àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Babátúndé Ìrùkẹ̀rà, ti kúrò lórí oyè kí ó tó parí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n gbé àṣẹ jáde: kí Meta san mílíọ̀nù 220 dọ́là. Meta kò gbà, wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Àbújá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ náà fara mọ́ owó ìtanràn yìí, wọ́n tún ní kí Meta fi 35,000 dọ́là dí owó tí wọ́n ná sórí ìwádìí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ohun tí wọ́n rí rèé, ìyá wa: àjọ náà ní Meta ń ṣe ojúsàájú. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún ẹni tó wà ní Yúróòpù láti yàn, láti kọ̀, láti mọ̀, wọn kò fún ọmọ Nàìjíríà. Kóńgò méjì ni wọ́n ń lò lọ́jà kan ṣoṣo. Nítorí náà, yàtọ̀ sí owó, àṣẹ náà tún ní kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ yíyàn padà fún wa lórí ohun tí wọ́n ń pín nípa wa. Apá tí rédíò kì í sọ nìyẹn, torí pé mílíọ̀nù dọ́là ló ń dùn ún gbọ́. Lójú tèmi, òun gan-an ni ọkàn ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹ́rù-kúrò ńkọ́? Ìtanràn mẹ́ta ló pàdé lórí Meta nígbà náà: ti FCCPC yìí, mílíọ̀nù 32.8 dọ́là láti ọ̀dọ̀ NDPC tó ń rí sí ààbò àkọsílẹ̀ ará ìlú, àti mílíọ̀nù 37.5 dọ́là láti ọ̀dọ̀ ARCON tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà. Àròpọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 290 dọ́là. Nínú ìwé tí Meta gbé lọ sí kóòtù ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ó lè di dandan fún àwọn láti ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Wọn kò dárúkọ WhatsApp níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lọ́jà mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Oníbàárà a máa ná ọjà, yóò ní òun ń lọ, yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, yóò wẹ̀yìn. FCCPC dá wọn lóhùn pé ìtanràn irú èyí ti bá wọn ní ilẹ̀ mìíràn, wọn kò sì halẹ̀ pé àwọn ń kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ ààbò àkọsílẹ̀ ti Ireland bu bílíọ̀nù 1.2 owó Yúrò lé Meta. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Meta gbà láti san bílíọ̀nù 1.4 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀rọ̀ àwòrán ojú àwọn èèyàn tí wọ́n kó láìgbàṣẹ. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn o, owó tó gbà sì ju gbogbo tiwa pọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n ṣì wà ní Texas. Wọ́n ṣì wà ní Ireland. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Meta àti NDPC yanjú ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù 32.8 náà ní ìta kóòtù. Ẹ̀yin náà ṣì ń gbé àdìrẹ sórí Instagram títí di òní.

Owó ìtanràn, àpò ìjọba ló ń lọ. Aládìrẹ kan kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, n kò sì ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe, ó sì yẹ kí apá kan nínú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí wọ́n lè gba àwọn ọ̀dọ́ tó mọ inú ẹ̀rọ síṣẹ́. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lu ìdí kóńgò kò lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo bọ̀ sórí òrùka inú fóònù yín. AI kì í dédé mọ nǹkan. Wọ́n kó àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí ẹnu kò lè kà, wọ́n fi kọ́ ọ títí ó fi ń lè hun nǹkan tó jọ ọ́ jáde. Ó rí Ìbàdàndùn, ó rí Olókun, kò mọ ohun tí òpó Mápó ń ṣe nínú aṣọ. Ìdí nìyẹn tí òpó rẹ̀ kò fi gún. Meta fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn ohun tí èèyàn gbé sí ojútáyé lórí Facebook àti Instagram wà lára ohun tí òun fi ń kọ́ AI òun. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti oníbàárà yín ń bá ara yín sọ lórí WhatsApp, àti státọ́ọ̀sì yín, yàtọ̀ síyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wà lára wọn tí kò jẹ́ kí Meta lè kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ sí AI náà, òun lẹ kọ ọ́ sí. Ó ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bràsíl, níbi tí àwọn ọmọ baba wa pọ̀ sí ní Bàhíà. Meta kéde níbẹ̀ pé òun yóò máa fi ohun tí àwọn èèyàn gbé sójútáyé kọ́ AI. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2024, àjọ ààbò àkọsílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní ANPD ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 50,000 owó réàì lójoojúmọ́. Meta fìbínú gbé AI rẹ̀ kúrò nílẹ̀ wọn fúngbà díẹ̀. Kò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n fi jọ jókòó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, ANPD ṣílẹ̀kùn fún wọn, lẹ́yìn tí Meta gbà láti sọ fún oníkálukú tẹ́lẹ̀, kó sì fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí ẹni tí kò bá fẹ́ yóò fi sọ pé òun kò fẹ́. Ní Yúróòpù náà, Meta dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 nígbà tí àjọ Ireland bá a sọ̀rọ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ló tó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì fún àwọn èèyàn ní ọ̀nà láti kọ̀.

Aláṣọ tó wà ní Salvador ní Bàhíà àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìtòkú, fóònù kan náà lẹ jọ ń lò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín yín ni pé ẹnìkan dìde dúró fún ti Salvador. Fọ́ọ̀mù yẹn kò já bọ́ láti ọ̀run. Àṣẹ ló mú un wá.

Ilẹ̀ Yúróòpù ti wá ní òfin odindi kan lórí AI. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ohun tó kà léèwọ̀ pátápátá sì ti di èèwọ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2025. Lára èèwọ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni máa ṣa àwòrán ojú èèyàn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe àkójọ fún ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀. Ẹni tó bá rú èèwọ̀ lè san ìdá 7 nínú 100 owó tó wọlé fún un jákèjádò ayé. Ní Amẹ́ríkà, Biden pàṣẹ lórí AI ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Trump sì fagi lé e lọ́jọ́ tó gorí oyè padà, 20 oṣù Kìíní ọdún 2025. Tiwa ní Nàìjíríà, ìjọba gbé ìwé ètò kan jáde lórí AI ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ètò dára, ṣùgbọ́n ètò kò lè mú ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù.

Síbẹ̀, ọwọ́ wa kò ṣófo. Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ Ará Ìlú ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní abala kan tí mo fẹ́ kí gbogbo aládìrẹ mọ̀ sórí bí ẹsẹ Bíbélì: abala 37. Ohun tó sọ ni pé ẹ ní ẹ̀tọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má dá yín lẹ́jọ́ lórí ohun tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Níbi tí òfin bá sì ti gbà kí ẹ̀rọ dá a, ẹ lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran-ara tún un wò, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ sì takò ó. Bí áàpù kan bá fi ìṣẹ́jú kan sọ pé kò ní yá yín lówó, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé, ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ló rí?

Ọ̀rọ̀ áàpù tó ń yáni lówó ló sọ mí di ẹni tó ń kọ nípa nǹkan wọ̀nyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agogo mẹ́fà kò tíì lù, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni. Mo ṣí i, mo rí fọ́tò arábìnrin kan tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gèlè aláwọ̀ ewé tó wé nígbà ìkórè ló wà lórí rẹ̀ nínú fọ́tò náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, ọ̀daràn ni, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i fi tó ọlọ́pàá létí. 15,000 náírà ló yá, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì fi kọjá àsìkò. Áàpù náà ti kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ ibi tó ti gbà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ wa, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí tíṣà ọmọ rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni kò fi wá sí ìdánrawò orin.

Òfin ló mú ọwọ́ irú wọn rọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu mílíọ̀nù 10 náírà lé ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Lọ́dún 2022, FCCPC ní dandan ni kí gbogbo wọn forúkọ sílẹ̀. Lọ́dún 2023, Google náà ṣòfin pé áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù mọ́. Ìlànà tuntun tí FCCPC fi lélẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025 wá sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ lè san tó mílíọ̀nù 100 náírà tàbí ìdá kan nínú 100 owó tó wọlé fún un. Irú àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kò dé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí tí mo fi sọ pé òfin kì í ṣe ọ̀tá oníṣòwò kékeré nìyẹn. Mo ti rí bí nǹkan ṣe rí kí òfin tó wà, mo sì ti rí i lẹ́yìn tó dé.

Ẹ̀rù ìjọba tó ń bà yín kì í ṣe lásán náà, n kò ní tan yín. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ kúrò, ìjọba ti gbogbo Twitter pa mọ́ wa lójú. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Àbúrò yín tó ń ta bàtà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òun ló jìyà rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, kóòtù ECOWAS dá a pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ìyẹn kì í ṣe yíyẹ kóńgò wò; dída gàrí gbogbo ọjà nù ni, torí pé ẹnìkan bú baálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ méjèèjì yàtọ̀ síra, kí a má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan fi ọ̀kan bo èkejì lójú wa.

Ìjọba pàápàá nílò ẹni tí yóò yẹ kóńgò tirẹ̀ wò. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, iléeṣẹ́ owó orí wọn fi ẹ̀rọ ṣa àwọn òbí tó ń gba owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ, pé ta ló ṣeé ṣe kó jẹ́ oníjìbìtì. Bí èèyàn kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, ẹ̀rọ á kà á sí àmì ìfura. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n ní kó dá owó tí apá wọn kò ká padà. Àwọn kan pàdánù ilé. Ìwà yìí ló mú kí gbogbo ìjọba Mark Rutte, olórí ìjọba wọn nígbà náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Ìjọba tó gbọ́n, tó lówó, tó sì ní òfin, ohun tó ṣe nìyẹn nígbà tó gba ẹ̀rọ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ má fi orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà wọn tàbí owó tí wọ́n san bá òrùka inú WhatsApp yẹn sọ. Ẹ ní kí ọmọ yín ra ìwé olójú-ewé 80 kan, kí ó kọ nọ́ńbà gbogbo oníbàárà yín sínú rẹ̀ lónìí, nítorí bí Instagram bá bàjẹ́ lọ́la, tàbí tí ìjọba bá ti nǹkan pa, inú ìwé yẹn ni ọjà yín yóò wà. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Àwòrán tuntun tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ tiyín, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ sójútáyé. Ẹ fi igun kan hàn, kí ẹni tó bá fẹ́ rí ìyókù béèrè.

Èyí tó kù kò ṣeé dá ṣe. Ẹ gbé e wá síwájú ẹgbẹ́ aládìrẹ yín ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ojú ewé kan ti tó, sí NDPC, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ fọ́ọ̀mù kíkọ̀ tí wọ́n fún àwọn ará Bràsíl lórí AI, ní èdè Yorùbá, kí ó sì rọrùn fún ìyá tó wà nídìí aró láti tẹ̀. Kí ẹ fi fọ́tò Ìbàdàndùn tí ọwọ́ yín ṣe àti èyí tí ẹ̀rọ yà sínú àpò ìwé náà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Tí èsì bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un lójú ewé yìí. Tí èsì kò bá sì dé lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ kọ̀wé sí mi, a ó tẹ lẹ́tà tiyín gan-an síbí.